Ẹgbàá Méjìdínlógún

Ẹ̀yìn bíìlì iná oṣù tó kọjá ni mo ti ṣírò rẹ̀,
torí ìwé àwọn ọmọ ti kún, bírò pupa nìkan ló sì ń kọ̀wé.
Káàdì kan, ẹnu ọ̀nà mẹ́rin:
adágún ìlúwẹ̀ẹ́ l'Ókè-Fìà,
ọgbà jangilọ́fà lọ́nà Ìkìrun,
ọgbà ẹranko kékeré kan n'Ílobùú,
ọ̀bọ méjì, ọ̀nì kan tó ń sùn ṣáá,
àti omi tó ń já látorí àpáta l'Ẹ́rìn-Ìjẹ̀ṣà.
Ẹgbàá méjìdínlógún fún ìdílé kan,
oṣù mẹ́ta, ẹ lọ títí yóò fi sú yín.

Mùtíù tó ń jórin l'Áyétòrò ní owó yẹn ti pọ̀ jù.
Mo ní, dúró ná, jẹ́ ká kà á.
Àgbà, ẹgbàá. Àwa méjì.
Ọmọ, ẹgbẹ̀fà. Ṣàfúrà àti Lùkúmọ́ọ̀nù.
Rábì kò tíì pé ọdún mẹ́rin, ọ̀fẹ́ ni tirẹ̀,
bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni yóò jẹun jù níbẹ̀.
Ìjáde kan, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ó lé irínwó.
Bí a bá lọ lẹ́ẹ̀marùn-ún, káàdì ṣì ń jẹ wá.
Bí ó bá di ẹ̀ẹ̀mẹfà,
ẹgbàá mọ́kàndínlógún ó lé irínwó,
àwa la wá ń jẹ káàdì.
Mo fa ìlà pupa sábẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹfà. Inú mi dùn.

Ó ní, “Ṣé káàdì ń ra epo?”

Mo ka ìwé wọn dé ìsàlẹ̀ pátápátá,
níbi tí lẹ́tà ti kéré bí ẹyin eèrà.
Káàdì kò ní ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ọdún.
Kò ní ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun, tí àlejò bá kún ìlú.
Ọjọ́ ọdún sì nìkan ni Mùtíù ń ti ṣọ́ọ̀bù.
Ìdílé, lédè tiwọn: bàbá, ìyá, ọmọ mẹ́ta.
Àsímáwù tó bí Mùtíù,
tó ń sùn ní yàrá ẹnu ọ̀nà,
tó ń bá mi wẹ Rábì láràárọ̀,
òun kò sí nínú ìdílé.
Ẹgbàá ni kó máa san níbikíbi tó bá dé.

Mo gbé bírò sílẹ̀.

Ìyá Dárásìmí ra irú rẹ̀ lọ́dún tó kọjá.
Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n lọ.
Ẹgbàá mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wo ọ̀bọ lẹ́ẹ̀kan,
ẹgbàá mẹ́sàn-án ni wọ́n fi lúwẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan.
Ó ní káàdì náà wúlò o:
òun ni òun fi ń ha ìdí ìkòkò.

Ṣàfúrà ti ń gbọ́ wa láti ojú fèrèsé.
“Màmá, ọ̀nì yẹn,
bí a bá lọ lẹ́ẹ̀mẹfà, ṣé yóò jí?”

A ò ra káàdì.
Ọjọ́ ọdún la lọ sí Ẹrìn, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo,
a san ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ó lé irínwó, Àsímáwù wà nínú rẹ̀.
Ó gun àtẹ̀gùn méjì, ó jókòó,
ó ní kí omi wá bá òun níbẹ̀.
Omi kò wá. Lùkúmọ́ọ̀nù ló lọ pọn ọ́n,
nínú bàtà rọ́bà Rábì,
ó rọra ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin,
ó dà á sí ìyá àgbà lẹ́sẹ̀.
Ó kù díẹ̀ nínú bàtà. Ìyẹn náà, ó dà á.

Èwo nínú ìwé wọn ni mo fẹ́ kọ ìyẹn sí?
Mo délé, mo tún un ṣe:
ká ní a lọ lẹ́ẹ̀mẹfà, ká ní Mùtíù ráyè,
ká ní epo ò wọ́n, ká ní bàtà kò ya.
Mi ò tíì mọ̀ bóyá a jèrè.
Bíìlì iná náà ṣì wà lórí fìríìjì.
Ẹ̀yìn rẹ̀ pupa fún ìṣirò.
Iwájú rẹ̀, a ò tíì san án.